Tètè Orí Ààtàn: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Ọ̀mu ti Amos Tutuola

Kò sí ọmọ ilé-ìwé kan ní ilẹ̀ wa tí kò mọ ààtàn. Ibẹ̀ ni a ń da ilẹ̀ tí a gbá ní òwúrọ̀ sí. Ibẹ̀ ni a ń kó èèpo iṣu, eérú ààrò, àfọ́kù ìkòkò àti àkísà lọ. Bí a bá sì fẹ́ bú ènìyàn kan kí ó dùn ún wọ egungun, a ó ní ààtàn ni ó yẹ kí a kó o dà sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ lọ wo ibẹ̀. Ẹ ó bá tètè tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, ẹ ó bá tòmátì tí ẹnikẹ́ni kò bomi rin, ẹ ó sì bá ìbẹ́pẹ tí ó hù láti inú kóró tí ọmọdé tu dànù; gbogbo wọn tutù yọ̀yọ̀, wọ́n sì sanra ju èyí tí a kọ ebè fún nínú oko lọ. Ìyálé ilé tí ó di imú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ó ń da ilẹ̀ síbẹ̀, òun náà ni yóò gbé agbọ̀n wá ní àkókò òjò láti já ẹ̀fọ́. Àwọn àgbà wí pé tètè kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Wọn kò béèrè ibi tí ó ti hù kí wọ́n tó wí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ààtàn yìí bẹ̀rẹ̀. Ìwé kan wà tí ọmọ ilẹ̀ wa kọ, tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa gbé jù sí ààtàn ní kété tí ó jáde. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni The Palm-Wine Drinkard. Amos Tutuola ni ó kọ ọ́, a sì tẹ̀ ẹ́ ní London ní ọdún 1952. Nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, Ọ̀mu ni a ó máa pè é. Àwa pẹ̀lú ti wà rí nínú àwọn tí ó di imú. Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣí ìwé náà, kò pẹ́ tí a fi pa á dé, a sì wí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ kàn án, kí Gẹ̀ẹ́sì wọn má bàa bàjẹ́. Lónìí a fẹ́ jẹ́wọ́ pé a ṣe àṣìṣe, a sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Kì í ṣe pé a fẹ́ pe ìdọ̀tí ní wúrà. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí àwa olùkọ́ tún wo ojú tí a fi ń wo ohun tí a ń sọ nù, nítorí pé kì í ṣe ìwé nìkan ni a ń sọ nù lójoojúmọ́ nínú iṣẹ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó kọ ìwé náà. A bí Tutuola ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1920. Àgbẹ̀ kòkó ni àwọn òbí rẹ̀, onígbàgbọ́ sì ni wọ́n. Ilé-ìwé ìjọ Salvation Army ni ó ti kọ́kọ́ mọ ìwé. Nígbà tí owó kò sí, ó di ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kan, kí ẹni náà lè máa san owó ilé-ìwé fún un. Nígbà tí baba rẹ̀ kú ní 1939, ẹ̀kọ́ rẹ̀ dópin. Gbogbo ọdún tí ó lò ní ilé-ìwé kò ju nǹkan bí mẹ́fà lọ. Lẹ́yìn náà ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bàbà, ó sì fi iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó láti 1942 títí di 1945. Ogun parí, iṣẹ́ sì wọ́n. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ó rí nígbẹ̀yìn, ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń mójú tó ọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti dé ọ́fíìsì rí mọ ìránṣẹ́: òun ni ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí ń dúró kí a lu agogo kí ó tó dìde. Nínú ìdúró bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tí ó rán an níṣẹ́, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìtàn.

Ọ̀nà tí ìtàn náà gbà dé ilé ìtẹ̀wé yẹ kí ó wu àwa tí a ń ka irú ìwé ọdọọdún báyìí. Tutuola rí ìkéde kan nínú ìwé ìròyìn, èyí tí ẹgbẹ́ United Society for Christian Literature fi ń polówó àwọn ìwé wọn. Ó di ìtàn rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí wọn ní ìlú Òyìnbó. Ìwé ìsìn ni ẹgbẹ́ náà ń tẹ̀. Ìtàn ọkùnrin tí kò mọ iṣẹ́ kan ju ẹmu mímu lọ, tí ó wá adẹ́mu rẹ̀ tí ó ti kú lọ sí ìlú àwọn òkú, kò bá ète wọn mu rárá. Ó rọrùn fún wọn láti jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí tí ó wà lábẹ́ tábìlì gbogbo onítẹ̀wé. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi í lé ilé-iṣẹ́ Faber and Faber lọ́wọ́, níbi tí T. S. Eliot, akéwì, ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdarí, ilé-iṣẹ́ yìí ni ó sì tẹ̀ ẹ́. Faber tún díẹ̀ ṣe nínú àwọn àṣìṣe rẹ̀, wọ́n sì fi èyí tí ó pọ̀ sílẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi àwòrán ojú-ìwé kan tí Tutuola fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú ìwé náà, kí òǹkàwé lè rí bí àtúnṣe náà ti rí. Ẹ̀kọ́ kìíní tí a rí kọ́ nìyí: ohun tí kò wúlò fún wa kò gbọdọ̀ di ohun tí a ó wí pé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ìwé náà jáde, Dylan Thomas, akéwì ọmọ ilẹ̀ Wales, yìn ín púpọ̀ nínú ìwé ìròyìn The Observer ní oṣù keje ọdún 1952. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Raymond Queneau, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé, túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé. Ṣùgbọ́n ní ilé, ojú kò rẹ́rìn-ín. Ní 1954, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa láti fi ìbínú wọn hàn. Ẹ̀sùn wọn pin sí mẹ́ta. Èkíní, Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò dára, ó sì ń dójú ti àwọn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ èdè náà. Èkejì, ìtàn inú rẹ̀ kì í ṣe tuntun; àwọn àlọ́ tí gbogbo wa gbọ́ ní ìgbà èwe ni, Fágúnwà sì ti lo irú wọn nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938. Ẹ̀kẹta, àwọn Òyìnbó ń yìn ín kí wọ́n lè máa wí pé òmùgọ̀ ni wá. Kì í ṣe àwọn aláìlóye ni ó kọ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí. Àwọn ènìyàn tí ń jà fún ọlá ilẹ̀ wọn ni, ní àkókò tí òmìnira kò ì tíì tẹ̀ wá lọ́wọ́. Nítorí náà a kò ní fi wọ́n ṣe ẹ̀sín. A ó gbé ẹ̀sùn wọn yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ èdè ṣáájú, nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ lé àwa náà sẹ́yìn. Láti orí àkọlé ìwé náà ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Drinkard kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé. Drunkard ni olùkọ́ yóò fi tádàwà pupa kọ sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó na ọwọ́ sí tádàwà, ẹ jẹ́ kí a ronú. Drunkard ni ẹni tí ọtí ti pa, tí ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú ọ̀nà. Ọkùnrin inú ìwé yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Agbè ẹmu 150 ni adẹ́mu rẹ̀ ń dá fún un ní òwúrọ̀, 75 ní ìrọ̀lẹ́, mímu wọn sì ni iṣẹ́ rẹ̀ bí oko ríro ti jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní èdè wa, ọ̀mu ni ẹni tí ń mu. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ ohun tí ọtí ṣe sí i, ohun tí òun ń ṣe ni ó sọ. Tutuola wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, kò bá a, ó sì rọ ọ́ fúnra rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni, ẹ má gbàgbé. Alágbẹ̀dẹ kì í sọ irin nù: àfọ́kù ọkọ́ tí àgbẹ̀ jù sílẹ̀, iná ni yóò kì í bọ̀, yóò sì lù ú títí yóò fi di ohun mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe pẹ̀lú èdè ọ́fíìsì. Ìránṣẹ́ máa ń gbọ́ iye owó, wákàtí, oṣù àti èlé ní gbogbo ọjọ́. Èdè gbígbẹ ni, kò sí ẹni tí ń wá adùn níbẹ̀. Tutuola kó o wọ inú igbó àwọn iwin. Nígbà tí ọ̀mu àti aya rẹ̀ fẹ́ wọ inú igi funfun ńlá kan níbi tí wọn yóò ti sinmi, wọ́n ní láti fi ikú wọn àti ẹ̀rù wọn sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ta ikú wọn ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6. Ẹ̀rù wọn ni wọn kò tà, wọ́n yá a fún ẹlòmíràn ní èlé pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n ń jáde, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà, ṣùgbọ́n ohun tí a tà ti lọ. Láti ìgbà náà, wọn kò lè kú mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń bẹ̀rù. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ dúró lórí èyí. Ẹni tí ó ní ìrètí kì í ṣe ẹni tí kò ní ẹ̀rù. Ẹ̀rù ń bà á, síbẹ̀ ó ń rìn. A ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n a kò tíì gbọ́ èyí tí ó fi ìwé ìṣirò owó kékeré báyìí là á yé wa.

Ọkùnrin inú ìtàn náà pẹ̀lú jẹ́ ohun tí ènìyàn lè gbé sọ nù. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́jọ. Òṣìṣẹ́ ni àwọn méje yòókù, òun nìkan ni kò ṣe nǹkan kan ju ẹmu mímu lọ láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún 10. Baba rẹ̀ olówó fún un ní oko ọ̀pẹ tí igi 560,000 wà nínú rẹ̀. Ilé rẹ̀ kún fún ọ̀rẹ́. Lẹ́yìn náà baba kú. Kò pé ọdún kan, adẹ́mu já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, òun náà kú. Ẹmu tán, ọ̀rẹ́ sì tán. Ní ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ìwà yóò ti parí ìtàn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú, ibẹ̀ ni Tutuola ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó mú ọ̀mu náà dìde láti wá adẹ́mu rẹ̀ lọ, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ sì ní láti ṣiṣẹ́ kí ó tó rí ọ̀nà lọ: ó roko, ó sọ ara rẹ̀ di ọkọ̀ ojú omi kí aya rẹ̀ lè fi í gbé èrò fún owó, ó jókòó bí adájọ́ láàárín àwọn tí ń jà. Chinua Achebe fi hàn nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1977 pé ìwé tí ń wọn iṣẹ́ àti eré lórí ìwọ̀n kan náà ni ìwé yìí. A gbà pẹ̀lú rẹ̀, a sì fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Nígbà tí ọ̀mu padà dé ilé, ìyàn mú ní ìlú. Ẹni tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni nígbà tí oúnjẹ pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ìlú ti jẹun nígbà tí kò sí oúnjẹ, nípa ẹyin kan tí adẹ́mu rẹ̀ fi fún un ní ìlú àwọn òkú. Àwọn àgbà ti wí i pé a kì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà, a kì í sì í mọ orí olóyè láwùjọ.

Ṣùgbọ́n bí ìwé yìí ti gbé ẹni ẹ̀tẹ́ dìde, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bọ́ aṣọ lára ẹni ẹ̀yẹ. Ní ọjọ́ ọjà kan, ọkùnrin kan wọ ọjà tí ó ga, tí ó síngbọnlẹ̀, tí kò ní àbùkù kan. Ọmọbìnrin olórí ìlú, tí ó ti kọ gbogbo ọkọ, rí i, ó sì tẹ̀ lé e nígbà tí ọjà tú. Nígbà tí wọ́n wọ inú igbó, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí dá ohun tí ó yá padà. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ẹsẹ̀, ó bọ́ ẹsẹ̀, ó sì san owó tí ó fi yá a. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe títí ara fi tán, tí ọwọ́ fi tán, tí awọ ojú pàápàá fi tán, tí ó fi ku agbárí lásán tí ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lọ nílẹ̀. Àlọ́ yìí kì í ṣe tuntun, òótọ́ ni. Àwọn ìyá wa ti fi í kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n a bẹ ẹ̀yin olùkọ́ kí ẹ rántí rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá ń yẹ àròkọ wò. Àròkọ kan wà tí gbogbo gbólóhùn rẹ̀ tọ́, tí ó dán, tí ó kún fún ọ̀rọ̀ ńláńlá. Bí a bá tẹ̀ lé e dé inú igbó, a ó rí i pé inú ìwé kíkà ni ó ti yá ẹsẹ̀, ẹnu olùkọ́ ni ó ti yá ojú, ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó jókòó tì í ni ó ti yá apá. Nígbà tí olúkúlùkù bá gba tirẹ̀, agbárí ni yóò kù. Ìwé Ọ̀mu kò rí bẹ́ẹ̀. Ó rọ ní ẹsẹ̀, èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n òun ni ó ni ara rẹ̀, kò sì sí onígbèsè kan tí yóò dá a dúró lọ́nà. Ìdáhùn wa sí ẹ̀sùn kìíní àti èkejì nìyí. Àlọ́ jẹ́ ti gbogbo wa, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ti jẹ́ ti gbogbo wa. Ẹni tí ó bá roko níbẹ̀ ni a ń bi léèrè ohun tí ó gbìn.

A kò wí pé ìwé náà kò ní àléébù. Ó ní. Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ kò le: bí a bá yọ iwin méjì tàbí mẹ́ta kúrò ní àárín, òǹkàwé lè má mọ̀. Aya ọ̀mu, tí ó bá a jìyà dé òpin, kò ní orúkọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì pọ̀. Ohun tí Tutuola jẹ Fágúnwà ní gbèsè rẹ̀ hàn sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ka àwọn méjèèjì, bí a bá sì ń wá èdè tí a gbẹ́ dán, ọ̀dọ̀ Fágúnwà ni a ó lọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó hù ní ààtàn ni ẹ̀fọ́. Èsìsì ń bẹ níbẹ̀, àfọ́kù ìgò sì ń bẹ níbẹ̀. Nítorí náà kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má ṣe wí pé a ti fún òun ní àṣẹ láti kọ Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti wù ú nínú ìdánwò. Tutuola rọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nítorí pé ó ní ohun kan tí ó fẹ́ sọ, tí ọ̀rọ̀ tí ó bá nílẹ̀ kò gbà. Ẹni tí ó bá rú òfin èdè nítorí ọ̀lẹ kò sí lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ti ẹ̀sùn kẹta, òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn Òyìnbó tí ó yin ìwé náà, àwọn kan wà tí wọ́n yìn ín bí ẹni tí ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọdé tí ó ń jó láìmọ ijó. Irú ìyìn bẹ́ẹ̀ kò dára ju èébú lọ. Ẹni tí ó gbé ohun kan ní ààtàn nítorí pé ó jẹ́ ohun ìyanu lójú rẹ̀, tí ó sì gbé e kọ́ sára ògiri, kò tíì mọ iyì rẹ̀. Ẹni tí ó já ẹ̀fọ́ náà, tí ó sè é, tí ó sì jẹ ẹ́, ni ó mọ̀ ọ́n. Àwọn ènìyàn wa ni ó sì wá jẹ ẹ́ nígbẹ̀yìn. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti ẹgbẹ́ eré rẹ̀ gbé ìtàn náà sí orí ìtàgé ní Ìbàdàn ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú orin àti ìlù, àwọn tí kò lè ka ojú-ìwé kan nínú Gẹ̀ẹ́sì Tutuola sì gbọ́ ọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín ní ibi tí ó yẹ kí a ti rẹ́rìn-ín. Ìtàn náà ti rin ìrìn àjò lọ sí London àti Paris, ó sì tún padà wá sí ilé. Nígbà tí Tutuola kú ní Ìbàdàn ní oṣù kẹfà ọdún 1997, àwọn yunifásítì ti ń fi ìwé rẹ̀ kọ́ni láti ọjọ́ pípẹ́.

A ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́ kí a tó dákẹ́, nítorí pé òun gan-an ni ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún kan, nígbà tí ìwé Ọ̀mu ṣì wà ní pípadé lórí pẹpẹ wa, a ní kí àwọn ọmọ kíláàsì wa kọ àròkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí ọjọ́ ọjà. Ọmọ kan, tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ, kọ ọ́ pé òjò pa ìyá òun lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dé ọjà, àti pé nígbà tí ìyá náà dé ọjà, ó rẹ́rìn-ín, nítorí pé òjò kò kan ẹ̀kọ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò gba irú èyí. Ẹni tí a bá pa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó kú nìyẹn. A ka gbólóhùn náà sókè. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. A fi tádàwà pupa fa ìlà láti òkè ojú-ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí a tún fún wọn ní àròkọ mìíràn, ọmọ náà kọ ọ́ pé ọjà tóbi, pé àwọn ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, àti pé òun fẹ́ràn ọjà. Kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Nínú ìwé Ọ̀mu, nígbà tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń rọ́ lu ara wọn nítorí oúnjẹ, wọ́n fọ́ ẹyin tí ń bọ́ wọn. Ọ̀mu ṣa àwọn èèpo rẹ̀ jọ, ó sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò jáde nínú rẹ̀ mọ́, pàṣán ni ó ń mú jáde. A kò lè ka ibẹ̀ nísinsìnyí kí a má rántí ọmọ náà. A gbìyànjú lẹ́yìn náà láti fi ọ̀rọ̀ dídùn tún ọ̀ràn náà ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí a lẹ̀ pọ̀ kì í rí bí èyí tí kò fọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, a kò ní kí ẹ kó tádàwà pupa yín sọ nù. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ní ọjọ́ kan pé òjò kì í pa ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹta ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ rẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó sọ fún un. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ kejì. Kí ọ̀rọ̀ kìíní jẹ́ pé: a rí ìyá rẹ, a rí ẹ̀rín rẹ̀, a rí ẹ̀kọ tí òjò kò kàn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, nígbà tí a bá dá ìwé yín padà tí ó pọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ má ṣe jù ú nù. Ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ tiyín wà níbẹ̀, ẹ tún un kọ ní ọ̀nà tí ó tọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí àgbẹ̀ tí ó mòye bá fẹ́ ro ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kì í kọ́kọ́ gbé ọkọ́. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ààtàn, yóò fi ọwọ́ ya koríko sí ọ̀tún àti sí òsì, yóò sì kọ́kọ́ wo ibi tí tètè hù sí.